Bàbá Igi Kòkó Fadérera

Fadérera mú ewé kòkó kan lọ sí ọ́fíìsì ìwádìí òbí irúgbìn ní Ìdànrè, bí gbogbo àgbẹ̀ ṣe máa ń ṣe kí òjò tó dé. Igba igi kòkó kéékèèké ló ti hù nílé rẹ̀, àrùn tó pa kòkó gbogbo àdúgbò kò sì mú ọ̀kankan nínú wọn. Akọ̀wé ki ewé náà bọ ẹ̀rọ.

"Igi yín ni ìyá wọn, mà. Igi Bàbá Akínṣelúre ni bàbá wọn. Òfin ní kí ẹni tó ni igi bàbá fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó gbìn wọ́n. Bí Bàbá ò bá fọwọ́ síwèé yìí láàárín ọjọ́ méje, a máa wá fà wọ́n tu."

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Fadérera ti kí Bàbá Akínṣelúre kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ oko wọn pààlà. Síbẹ̀, ó mú ìwé náà lọ bá a nílé.

Bàbá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Fadérera, ṣé igi tó o ní ó ń ṣíji bo oko rẹ, tó o tìtorí rẹ̀ pè mí lẹ́jọ́ nìyí?"

"Òun ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ti gé e lóṣù tó kọjá, bí kóòtù ṣe wí." Bàbá tẹ àtàǹpàkò síwèé náà. "Bá mi mú mẹ́wàá wá nínú àwọn ọmọ rẹ̀."

Ojú ti Fadérera. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó kó ọgọ́rùn-ún lọ fún un.