Asẹ́ Mẹ́ta Nawres

Láti ọjọ́ tí oníbàárà kan ti kọ̀wé pé kúskúsù rẹ̀ dà bí iyanrìn, Si Lamjed kò ka lẹ́tà kankan mọ́. Ó ní ilé ìdáná ńlá kan ní ìlú Sfax, orí fóònù ni àwọn èèyàn ti ń ra oúnjẹ rẹ̀. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí lẹ́tà wò, ó sì pe Nawres, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún un.

"Wá nǹkan kan tó máa sẹ́ èébú kúrò nínú àwọn lẹ́tà náà. Bí mo bá tún fojú kan èébú, màá ti àpótí lẹ́tà yẹn pa, iṣẹ́ tìẹ náà sì tán nìyẹn."

Nawres kọ ètò tó dà bí asẹ́ mẹ́ta, ó tò wọ́n tẹ̀ léra wọn. Èkíní ń fún àlàfo tó bá fẹ̀ jù láàárín ọ̀rọ̀ pọ̀. Èkejì ń gbà lọ́wọ́ èkíní, ó ń yọ lẹ́tà tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta ń gbà lọ́wọ́ èkejì, ó ń da lẹ́tà tó bá ní ọ̀rọ̀ burúkú nínú nù. "Iyanrìn" ló ṣíwájú nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà.

Ghassen, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bá a hun èébú tí wọ́n fi dán an wò. Wọ́n dà á sínú asẹ́ èkíní, wọ́n dúró dè é lẹ́nu ẹ̀kẹta. Kò sí ọ̀kan tó jáde.

"Èyí tí ìyá mi fi ń jí mi láàárọ̀ gan-an, ó gbé e mì," ni Ghassen wí.

Lọ́jọ́ Ajé, Si Lamjed ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ kí Nawres tó rántí so ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà gidi ń gbà wọlé mọ́ àwọn asẹ́ náà. Ó sáré ṣe é.

Ọ̀gá náà jókòó, ó ń fi ojú kan ka àwọn lẹ́tà náà.

"'Ọlọ́run á bù sí i fún yín.' Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹni yìí jìnnà síra báyìí?"

"Ó jọ pé ó ń jẹun lọ́wọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni, Si Lamjed," ni Ghassen dáhùn.

"'Etí òkun la ti jẹ kúskúsù yín. Ọmọ mi da iyanrìn sí i, síbẹ̀ ó lá àwo.'"

Si Lamjed rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ka lẹ́tà yòókù títí wọ́n fi tán.

"Nawres, ọmọ mi, o ṣé gan-an. Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Mi ò ti àpótí yìí mọ́ o."

Bó ṣe jáde, Ghassen súnmọ́ Nawres. "Ọmọ ìyá mi, iyanrìn kọjá."

"Mo rí i. Asẹ́ kẹta ti lu."

"Tí ọ̀kan bá lè kọjá, èébú ìyá mi náà ń bọ̀ lọ́nà."

Ẹ̀rù ba Nawres. Ó yẹ asẹ́ kẹta wò fínnífínní, kò rí ihò kankan. Ó yẹ èkejì wò, ó yẹ èkíní wò, gbogbo wọn le koko.

Ìgbà náà ló wá ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ètò náà, èyí tó ń gbé lẹ́tà fún Si Lamjed, ó sì rí i pé ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọlé gan-an ló ti ń bu lẹ́tà, kì í ṣe ẹnu asẹ́ kẹta: bí àwọn ará Sfax ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni ọ̀gá náà ṣe kà á.