Agogo Ráùndì Kẹta

Kí Dominic tó wọ ojú ìjà, Monica ìyá rẹ̀ fà á létí bí ìgbà tó ṣì kéré.

"Má gbá ẹnikẹ́ni nípàkọ́. Má gbá ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ ìgbànú. Bí agogo bá sì ti dún, sọ ọwọ́ kalẹ̀. N kò bí jàǹdùkú."

"Màmá, mo ti gbọ́. Wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Gbọ̀ngàn náà kún. Kò sí gèlè, kò sí fìlà lórí ẹnikẹ́ni, nítorí ọdún Igogo ti wọ̀lú Ọ̀wọ̀. Akínwọlé, bàbá Dominic, ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láti àárọ̀. Ó ní bí àwọn bá ń kọjá, òun á yà kí ọmọ òun.

Jamaldeen, ọmọ Òkèlúsè, ni Dominic fẹ́ bá jà. Ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú ìpínlẹ̀ Oǹdó níbi ìdíje ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti orílẹ̀-èdè.

"Ọmọ oko, padà sídìí kòkó!" làwọn èrò ń kígbe mọ́ Jamaldeen.

Ní ráùndì kẹta, Dominic ti ń lé e kiri. Agogo dún. Dominic sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó yíjú sí igun tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ Jamaldeen bà á lẹ́bàá etí. Ó ṣubú, kò mira.

"Agogo ti dún! Apànìyàn!" Monica ti gba abẹ́ okùn wọlé. Gbọ́lá tó ń ṣọ́ àkókò na òòlù kékeré tó fi ń lu agogo ìjà sókè, ó ń mi orí, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

Jamaldeen dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Kóòṣì mi ní kí n má ṣíwọ́ àfi bí rẹfirí bá ní ó tó."

"O ò gbọ́ agogo ni?"

"Mo gbọ́ ọ, Màmá."

"Ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀! Ó gbọ́, ó tún gbá a!"

Rẹfirí wo Dominic, ó wo èrò, ó sì lé Jamaldeen kúrò nínú ìdíje. Dókítà tan iná sójú Dominic.

Bẹ́ẹ̀ ni Akínwọlé wọlé dé, òógùn bò ó, agogo Igogo lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì rí ẹni tó wà nílẹ̀: "Ìyá Dominic, ṣé ọmọ wa gbọ́ bí mo ṣe lu agogo fún un lẹ́nu ọ̀nà?"