Alábẹ̀wò Dé Ilé Ìwòsàn

Alábẹ̀wò náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ìjọba ló ń rán an káàkiri láti yẹ àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wò, kó mọ èyí tó dáa fún ará ìlú àti èyí tó yẹ kí wọ́n tì pa. Bó ṣe wọlé láàárọ̀, ó kí àwọn aláìsàn tó jókòó, ó fi ìka ra etí fèrèsé, ó sì wo eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì sáré wọ yàrá dókítà.

"Sà, alábẹ̀wò ti dé o! Ìyá tí ọmọ wọn kú lọ́dún tó kọjá ni wọ́n rán wá."

Dókítà gbé ife tíì sílẹ̀. "Ṣé ibí ni wọ́n gbé ọmọ náà wá?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ọmọ tí wọ́n ń gbé wá síbí pọ̀."

"Yéè, mo gbé!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Òótọ́ ni pé obìnrin náà ń gbé ìbínú kiri bí aboyún ṣe ń gbé oyún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹni tó fa ikú ọmọ náà ń jẹ, ó ń mu, ó ń sùn, ó ń han-run, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Wọ́n ní kí obìnrin náà fọwọ́ wọ́nú. Ó ní òun ti gbọ́.

Alábẹ̀wò wọlé bá wọn. "Ẹ bá mi ṣí fíríìjì yẹn."

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ẹja nọ́ọ̀sì ló jọ wà níbẹ̀. Ẹja náà ti ń rùn.

"Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru dà?"

"Ó ti bà jẹ́, Mà. Ojú lásán ni mo fi ń wò ó."

"Bí ọkàn àgbàlagbà bá ṣàdédé fẹ́ dákẹ́ ńkọ́?"

Dókítà nawọ́ sí sìlíńdà atẹ́gùn kan ní kọ̀rọ̀. Alábẹ̀wò ṣí i. Sìlíńdà náà kò mí, òfìfo ni.

"Ṣé ẹ máa ń tètè darí irú wọn sí ọsibítù ńlá?"

"A kì í sábà darí wọn, Mà."

Bó ṣe ń rí àléébù kan lórí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ara ń tù ú. Nọ́ọ̀sì rí i tó rẹ́rìn-ín músẹ́, jìnnìjìnnì sì bò ó.

Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mà, ẹ ṣàánú mi. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ọmọ yín..."

"Ẹ dìde, dókítà. Wọn ò gbé ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan."

Alábẹ̀wò fọwọ́ sí i pé ilé ìwòsàn náà dára, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Dókítà sìn ín jáde, ó ń súre fún un bí ẹni pé òun ló bí i.

Nínú ọkọ̀, ó tẹ ìyá ọkọ rẹ̀ láago, ẹni tó dínà mọ́ ọn lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ara ọmọ ń jó bí iná, tó ní ibà lásán kì í gbé ọmọ dé ọsibítù, ó sì fohùn jẹ́jẹ́ wí pé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àyà tó ń dùn yín yẹn, mo ti rí dókítà tó máa tọ́jú yín, èmi fúnra mi ni mo yẹ ibẹ̀ wò."