Kẹ̀kẹ́ Tí Àsàbí Kò Lè Gbé

Ní ìlú Ìgbòho ni Àsàbí ń gbé, aṣọ ló ń rán. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Àléébù kan péré ló ní: ojú ayé ló máa ń wò kó tó ṣe ohunkóhun. Bó ṣe síbí ọbẹ̀ lásán ló fẹ́ rà, á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n máa wí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó ń jẹ Àsàbí lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú sí Olókùúta, abúlé kan tó wà nínú igbó lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ sígbà náà tí gbogbo ará abúlé kó kúrò, ibẹ̀ sì di ahoro. Àsàbí kò rántí ojú ìyá rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló rántí, ọwọ́ kan tó tutù, tó máa ń fi òrí pa á lára. Bó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ nírọ̀lẹ́, á máa wo ọ̀nà igbó. Ó ń wù ú kó lọ kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìrìn ọjọ́ méjì ló ń dẹ́rù bà á, ọlọ́kadà kankan kò sì gbà láti gba ọ̀nà náà.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àwọn àgbà Olókùúta tó ń gbé ní apá kejì igbó máa ń padà lọ ro ojú oórì. Wọ́n á sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n á sì padà sílé láàárọ̀. Ìyá Òjúolápé, ẹ̀gbọ́n ìyá Àsàbí, nìkan ló kù láyé tó mọ oórì tó jẹ́ ti àbúrò rẹ̀. Lọ́dún yìí, màmá náà ránṣẹ́ pé, "Ẹsẹ̀ mi ti ń kọ̀ fún mi. Àlọ mi ìkẹyìn nìyí. Wá, kí n fi ìyá rẹ hàn ọ́."

Àsàbí sáré lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ògúndìran tó ń ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Méjì ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan dúdú, ó tín-ín-rín. Èkejì pupa fòò, táyà rẹ̀ ki bíi ti alùpùpù, ó ní rédíò, iná sì yí i ká.

"Ìyàwó, ibo lò ń gbé e lọ?" ni bàbá bi í.

"Olókùúta ni, bàbá. Mo máa sùn síbẹ̀ ni."

"Há! Dúdú yìí ni tìẹ. Bí bátìrì ẹ̀ bá kú, wàá fi ẹsẹ̀ wà á. Tó o bá sì dé odò, wàá gbé e kọ́ èjìká, torí igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe afárá ibẹ̀. Ó dáa, gbé pupa yẹn sókè ká wò ó."

Àsàbí bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé aláàárù ni mí ni? Kẹ̀kẹ́ ló máa gbé mi, èmi kọ́ ni mo máa gbé kẹ̀kẹ́! Ẹ wo dúdú yìí bí egungun adìẹ. Kí ni wọ́n máa wí ládùúgbò?"

"Ará àdúgbò ò bá ọ lọ o," ni bàbá wí.

Àsàbí gun pupa náà lórí títì tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, láìdi ẹrù kankan sí i. Ó tẹ aago, àwọn ọmọdé hó yèè. Ó bá rà á.

Ó ra àgọ́ aláṣọ kan tó fúyẹ́ bí ìborùn, àti ẹní pẹlẹbẹ. Ìyẹn ì bá tó o. Ṣùgbọ́n ó ronú pé wọ́n á ní òun wá bí alágbe. Ló bá di ìkòkò ńlá mọ́ ọn, àti kúlà, àti aṣọ oríṣi mẹ́ta.

Àárọ̀ kùtù ló gbéra. Òkè àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ ń mí hẹlẹ. Nígbà tó di ọ̀sán, bátìrì kú fin-ín. Àsàbí fi ẹsẹ̀ wà á, àfi bí ẹni ń ti odó gun òkè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fọwọ́ tì í títí tó fi dé odò nírọ̀lẹ́. Ó gbìyànjú láti gbé e gorí igi afárá, kẹ̀kẹ́ kò mira.

Ní òdìkejì odò, ó rí èéfín iná àwọn àgbà tó ń lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ ò rí i? Kó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó kọjá ló kù. Ọkàn rẹ̀ ń fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lọ. "Bí wọ́n bá jí i ńkọ́? Ojú wo ni màá fi wọ àdúgbò?" Ó ta àgọ́ rẹ̀ sétí omi, ó ń ṣọ́ irin, ó ń wo èéfín ibi oórì ìyá rẹ̀ lókèèrè.

Nígbà tó máa fi gbọ́n láàárọ̀, tó sáré kọjá, eérú ló bá. Eérú náà ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Oórì méje ni wọ́n ro, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, kò sí àmì lórí ọ̀kankan. Àsàbí kúnlẹ̀ sí èkíní, ó dìde, ó kúnlẹ̀ sí èkejì, títí tó fi kan ìkeje.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ bá Ìyá Òjúolápé nílé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni nínú méjèèje?"

Màmá mi orí. "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi ló mọ ibẹ̀. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: bí ẹ bá fẹ́ yan ohun tí ẹ máa fi rìn, ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì wo agbára yín. Ẹ má wo ẹnu àwọn tí kò ní bá yín dé ibẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.