Ọ̀gágun Tí A Kì Í Bá Sọ̀rọ̀ Nídìí Oúnjẹ

Ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo wa tán ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, lẹ́nu Abíálà ará Kétu, ẹni tí àwọn Faransé kó lọ jagun nílùú wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi dáadáa.

Ọ̀gágun Faransé kan wà tó ń jẹ́ Kórínẹ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ogun lásán, inú abọ́ kan náà lòun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹun, kò sì sí ìròyìn tí kì í gbọ́ níbẹ̀. Ìyẹn ló sọ ọ́ di akọni, tí wọ́n fi ń gbé e ga títí ó fi gba ìràwọ̀ méjì sára aṣọ. Àmọ́ bí ìràwọ̀ ti dé ni ìgbéraga dé. Ó ra aṣọ tábìlì funfun àti ṣíbí fàdákà, ó sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá òun sọ̀rọ̀ ogun bí òun bá ń jẹun. Ẹni tó bá rú òfin náà, koríko ẹṣin ni yóò máa pa.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kó ṣọ́ afárá kan, kó má jẹ̀ẹ́ kí àwọn Jámánì gbà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gágun jókòó ti oúnjẹ. Abíálà tó ń ṣọ́ etídò rí àwọn ọ̀tá tí wọ́n ń rápálá bọ̀ nínú koríko. Ó sáré tọ igbákejì ọ̀gágun lọ lẹ́nu àgọ́.

"Wọ́n ti dé o!"

Igbákejì yọjú wo inú àgọ́. "Ẹran ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó ku wàràkàṣì àti èso. Ní sùúrù."

"Ẹ̀yin ẹ máa ní sùúrù." Abíálà ti wọlé.

Ọ̀gágun gbójú sókè. "Ṣé o ò rí i pé mò ń jẹun ni?"

"Mo rí yín, ọ̀gá. Àwọn Jámánì náà ti rí yín."

"Sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí n jẹ wàràkàṣì mi tán."

"Ọ̀gá, wọn ò mọ òfin yín o."

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ gbé dòjé, kó lọ pa koríko. Kò tíì pa ẹnu dé tí ọta àgbá fi bú gbàmù lẹ́yìn àgọ́. Tábìlì dojú dé, ọbẹ̀ bo irùngbọ̀n ọ̀gágun. Abẹ́ àgọ́ ló gbà sá jáde, aṣọ tábìlì funfun lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ẹ yàgò fún ìyàwó tuntun!" ni Abíálà ń pariwo bó ti ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun lè sá mọ́.

Àwọn Jámánì gba afárá. Àwọn ọ̀gá àgbà gba ìràwọ̀ lára Kórínẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò sí ẹnìkan tó yọjú láti bá a gbẹ́rù. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí rẹ̀ kọ́ èjìká dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé ipò ńlá lọ́la, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń gbé òótọ́ bọ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ̀mí kankan kò bọ́ lọ́jọ́ náà. Afárá kan, ìbọn àgbá mẹ́rin àti ẹṣin méje ló lọ.