Ibi Tí Òwú Ti Dẹ̀

Aṣọ aláìlábùkù ti sú gbogbo ayé. Ní ṣọ́ọ̀bù mi nílùú Ọ̀wọ̀, ẹ̀rọ ló ń hun aṣọ, àṣìṣe nìkan làwọn oníbàárà ń yàn.

Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ṣé àṣìṣe ahunṣọ Pẹ́rù lẹ fẹ́, àbí ti Jàpáànù, àbí tiwa níbí?"

Láàárọ̀ yìí, Màmá Fádérera mú ògbólógbòó aṣọ kíjìpá tí ìyá wọn fọwọ́ hun wá, wọ́n fìka kan ibi tí òwú ti dẹ̀.

"Bá mi ṣe irú èyí. Màámi ní ibí làwọn hun ún dé tí mo bú sẹ́kún, tí àwọn fi sáré dìde nídìí òfì wá gbé mi."

Ẹ̀rọ hun ún, kò yàtọ̀ rárá. Màmá fọwọ́ ra ibẹ̀ títí, wọ́n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó jọ ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde."