Ẹni Tó Wá Wo Mítà

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọkùnrin kan tí Zechariah Adémúyìwá kò mọ̀ rí wá sí ilé rẹ̀ ní Òkè-Ṣọ̀pẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní òun wá wo mítà.

Kì í ṣe mítà iná ilé ló ń wí. Mítà àyẹ̀wò ni, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń wò bóyá iná ń kọjá nínú wáyà. Zechariah ti ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì Àgó-Ìwòyè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ògbólógbòó mítà ló sì wá fi ń najú. Òun àti Bàdírù, atún-rédíò-ṣe àdúgbò, a máa ṣà wọ́n láàárín irin àlòkù, wọn a tú wọn, wọn a ha ìpẹtà kúrò, wọn a sì jí wọn padà sáyé. Olórí gbogbo wọn ni àpótí dúdú kan tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rí sípíríǹgì tín-ín-rín bí irun tó ń dá ọwọ́ rẹ̀ padà sí òdo. Láti ọjọ́ tí ọwọ́ náà ti mì, ọkàn Zechariah kò balẹ̀ mọ́, kí ẹnì kan má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé mítà náà kúrò lórí tábìlì lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń jí lóru wò ó.

"Bàbá Péjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó àwọn òkú irin yìí kúrò ní pálọ̀," ni Hannah ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. "Àwọn tó ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ yín, ṣé orí mítà ni ẹ fẹ́ kí wọ́n jókòó lé?"

"Oṣù tó ń bọ̀ ṣì jìnnà, Hannah."

Ohun tó wà lọ́kàn Zechariah yàtọ̀. Bàdírù ti gbé ìròyìn wá lọ́sẹ̀ náà pé ẹnì kan ń káàkiri àdúgbò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó béèrè yín lọ́wọ́ mi, ó béèrè lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Irú èèyàn wo lẹ jẹ́, ta ni bàbá yín, ẹ̀yin mélòó lẹ jẹ́ nínú ẹbí."

"Kí ló fẹ́ fi bàbá mi ṣe?"

"Ẹ ti gbàgbé rédíò Japheth ni?"

Zechariah kò gbàgbé. Japheth tó ń gbé ní Àwà ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ta rédíò àtijọ́ tí bàbá òun fi sílẹ̀. Oníṣòwò kan gba ẹ̀yìn lọ bá àbúrò rẹ̀, ó rà á níbẹ̀.

"Bóyá ogún bàbá ni mítà yín, ìyẹn ló fẹ́ mọ̀," ni Bàdírù wí. "Ẹ jẹ́ ká múra dè é."

Nígbà tí ọkùnrin tó ń káàkiri náà dé ní Sátidé, tó bá Zechariah àti Bàdírù nídìí mítà ní pálọ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ará Àwà lòun, ṣùgbọ́n ohùn ará etí omi ló wà lẹ́nu rẹ̀. Hannah gbé omi fún un, àlejò ṣàdúrà fún un, obìnrin náà sì padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú àlejò kọ́kọ́ lọ sára fọ́tò ògiri. Zechariah na mítà kékeré kan sí i. Ó gbà á, ó dojú gíláàsì rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Bàdírù ṣẹ́jú sí Zechariah: ẹni tó mọ mítà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni àlejò wí. "Ṣé bàbá yín náà ń ṣe irú èyí?"

Ó dé, ni Zechariah wí nínú ara rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má rò pé eré ni mò ń fi irin yìí ṣe. Orí ni."

"Orí báwo, sà?"

"Ó wà nínú ẹbí wa. Aago ni bàbá mi ń bá sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìhòòhò ni ẹ̀gbọ́n náà wọ ọjà. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá gba ọ̀kan nínú mítà yìí lọ́wọ́ mi, ẹ ó gbọ́ ọ."

Bàdírù kò gbójú sókè kúrò lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo máa ń dì í mú, sà. Agbára rẹ̀ pọ̀."

Kò sí òótọ́ kan nínú rẹ̀. Olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá Zechariah, orí rẹ̀ pé títí ó fi kú.

Àlejò gbé ife omi kalẹ̀. "Àwọn ọmọ yín ńkọ́, sà?"

Zechariah mọ ibi tó ń lọ: ó fẹ́ dúró de àwọn àrólé, kó ra mítà lọ́wọ́ wọn. Ó ti ilẹ̀kùn ìyẹn náà pa.

"Ohun tó bá bàbá kì í fo ọmọ."

Ọkùnrin náà dìde. Kò béèrè iye, kò béèrè àpótí dúdú. Ó dúpẹ́ omi, ó wọ bàtà, ó lọ.

Bàdírù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ó sá! Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tíátà ló tọ́ sí yín! Ìhòòhò wọ ọjà!"

Zechariah fa àpótí dúdú jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù ní gbangba. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi kó ìyókù kúrò ní pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó nu àga ọ̀kọ̀ọ̀kan, Hannah sì yìn ín pé ọkọ gidi ni.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Adépéjú ọmọ Zechariah ránṣẹ́ láti Abigi létí omi pé àwọn kò ní wá tọrọ ọmọ mọ́, nítorí àbúrò bàbá ọkọ, tí wọ́n rán lọ wádìí ilé, gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá ìyàwó fúnra rẹ̀ pé wèrè ń bẹ nínú ìdílé wọn.